Bátìrì Inú Abíyá

"Ẹ dúró lórí ìlà pupa yẹn. Ẹ kọjú sí mi, ẹ jẹ́ n rí àyà yín."

Láníyọnu dúró, ó ṣí kóòtù rẹ̀. Kámẹ́rà tó wà láàárín àyà rẹ̀, èyí tí gbogbo ará Ilé-Ooru ń pè ní ojú-àyà, ń tan iná aláwọ̀ ewé kedere, àfi bíi pé ìdí ààrò ló ti ń bọ̀. Oyèbísí oníbodè wo iye agbára tó kù nínú bátìrì rẹ̀ lára gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀. Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí òtútù Ìta wà ní ogójì nísàlẹ̀ òdo, tí àwọn tó wọlé ṣáájú gbé mẹ́jọ bọ̀, tí òmíràn gbé mẹ́ta, tí obìnrin kan tilẹ̀ fi oókan péré wọlé tó sì bú sẹ́kún lórí ìlà, àádọ́rin ni ọkùnrin yìí gbé dé.

"Bọ̀dá Láníyọnu, ṣé inú iná lẹ ti ń ha yìnyín tiyín ni?"

"Abíyá mi ló gbóná," ni Láníyọnu fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi fẹ́ kọjá. Bó ṣe ń di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ ni àpò kékeré kan já bọ́ lára rẹ̀, àpò òwú aláwọ̀ elésè-àlùkò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wéré ló bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì fi í sápò kóòtù.

Oyèbísí rí i. Ó rí i dáadáa, nítorí òun náà ti hun irú àpò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn márùn-ún ṣì wà lẹ́yìn Láníyọnu, eyín wọn ń lu ara wọn kẹkẹ, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí agogo ìtìlẹ̀kùn lù. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀kùn ìta ṣí, tinú náà ṣí, Láníyọnu sì wọ inú ooru lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Obìnrin ni àwọn méjì tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó kúrò lórí ìlà, èkínní ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó yọ bátìrì kan tó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, ó nà án sí èkejì.

"Gba tìẹ."

Èkejì náà yọ ọ̀kan lábíyá tirẹ̀. "Gba tìẹ náà. O ò jẹ́ kó kú o, o ṣeun."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òtútù Ìta kì í pa bátìrì, ṣe ló máa ń kùn ún lóorun. Èyí tó kún bámúbámú láàárọ̀ lè ka òdo kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán, bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá há a mọ́ abíyá fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹyin fi ń jiná, yóò tún jí. Nítorí náà ni àwọn tó ń ha yìnyín kúrò lára páìpù omi gbígbóná fi ń jáde ní méjì-méjì, tí oníkálukú sì ń gbé bátìrì méjì. Ọ̀kan á wà nínú ojú-àyà rẹ. Èkejì kì í sí lábíyá rẹ rárá. Abíyá ẹni tí ẹ jọ jáde ló ń gbé, tirẹ̀ náà sì ń gbé lábíyá rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ẹnìkejì sílẹ̀ sá wálé. Ọ̀rẹ́-abíyá ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n máa ń búra lé e lórí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ apá òsì.

Àwọn mẹ́ta tó kù wọlé. Orúkọ wọn parẹ́ lára gíláàsì níkọ̀ọ̀kan, ó wá ku orúkọ kan ṣoṣo.

Àdùnbárìn.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àpò elésè-àlùkò yẹn tó wọ Oyèbísí létí ọkàn. Kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀ méjì ní gbogbo Ilé-Ooru. Ìborùn ìyá wọn tó ti gbó ló tú, ó fi òwú rẹ̀ hun ún fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà ọdún, ó ní kó máa fi wé bátìrì rẹ̀. Àdùnbárìn ni ẹ̀gbọ́n náà, òun sì ni ọ̀rẹ́-abíyá Láníyọnu. Ọ̀tá ara rẹ̀ ni Oyèbísí, ó jókòó níbẹ̀ ó ń bá olè ṣàwàdà.

Ó wo ìta. Funfun ni gbogbo ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbá yìnyín kiri. Nígbà tó yá, ó rí ẹnì kan tó ń bọ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tó dúró, tó tún wọ́ ọ. Kò sí iná kankan láyà rẹ̀.

Àdùnbárìn ni. Òun ló pọn Oyèbísí la omi kọjá nígbà tí òkun gba Èkó, tí omi dé ọrùn ẹni tó ń rìn. Òun ló fún un ní oúnjẹ tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tó kó wọn wá sí ilẹ̀ yìnyín yìí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ha yìnyín, òtútù sì ti jẹ ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òun náà ló bẹ gbogbo ẹni tó ṣeé bẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé àga oníbodè fún àbúrò rẹ̀, nítorí oníbodè kì í jáde sí Ìta láé.

Ó dúró lórí ìlà pupa, ó ṣí kóòtù. Ojú-àyà rẹ̀ dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ti dijú." Ohùn Oyèbísí gba inú ẹ̀rọ jáde.

"Mo mọ̀. Ṣílẹ̀kùn, Àmọ̀kẹ́."

Oríkì rẹ̀ ló pè yẹn. Kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ tù ú nínú, tàbí tó bá ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ló ń wo ojú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì títí di ọ̀la, kò ní ṣí fún ojú tó kú."

"Láníyọnu ńkọ́? Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

Àdùnbárìn mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún tí kò sì yà á lẹ́nu. "Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìn páìpù. Mo dúró dè é títí tèmi fi kú. Bátìrì tirẹ̀ tó wà lábíyá mi, ó ti gbà á kó tó lọ. Àṣé ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe."

"Ẹ há tiyín mọ́ abíyá. Ẹ há a mọ́ra, ó máa jí."

"Láti ẹ̀yìn òkè ni mo ti há a mọ́ ọn. Ara mi ò gbóná mọ́, Àmọ̀kẹ́. Èmi ń há a mọ́ra, òun ni ń mú mi lótùútù."

Oyèbísí wo ojú-àyà tirẹ̀, tó ń tan iná ewé láàárín ọmú rẹ̀, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lórí ògiri lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: OHUN TÍ OJÚ RÍ LÓ ṢẸLẸ̀. ẸNI TÍ OJÚ RẸ̀ DIJÚ KÒ SÍ. Oníbodè kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun wọlé láti Ìta kí ẹni tó ni ín tó wọlé. Lára ògiri ni ihò kékeré kan wà tó fi ń na ife omi gbígbóná sí àwọn tó bá tò, ṣùgbọ́n síta nìkan ni ilẹ̀kùn ihò náà ń ṣí sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Bàbá Ọláòtán dúró sórí ìlà yìí kan náà, ojú-àyà rẹ̀ sì kú níbi tó ti ń tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, bàbá. Ojú ń wò mí," ni Oyèbísí sọ fún un. Ó na ife omi gbígbóná kan sí i, ó sì ti bodè nígbà tí agogo lù. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi wa bàbá náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ká má parọ́ mọ́ ọn, Oyèbísí kò sunkún. Ó jẹun tán, ó tún bu sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ló sì tún bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Ẹ má bínú. Ojú ń wò mí."

Àdùnbárìn gbé ojú sókè. Yìnyín ti dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. "Èmi lò ń sọ fún?"

Oyèbísí bú sẹ́kún. Ìtìjú àti ẹ̀rù ló pa pọ̀ mú un, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Gbẹ́nu dákẹ́, ẹkún ò gbóná tó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Gbọ́. Ihò ife yẹn. Òfin wo ló ní o ò gbọdọ̀ na nǹkan síta?"

"Kò sí."

"Bátìrì tó wà láyà rẹ, ṣé nǹkan kọ́ ni?"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá yọ bátìrì, ojú-àyà kì í dijú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń ka ìmí mẹ́wàá, kí ènìyàn lè pààrọ̀ rẹ̀. Oyèbísí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìmí méjì láti yọ ọ́ àti láti nà án síta. Ìmí méjì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í sí tirẹ̀. Ilẹ̀kùn á rí ojú tó ṣí, á gbà á wọlé, ìmí méjì. Á yọ ọ́ padà fún un, á kù díẹ̀. Ìmí mẹ́wàá tí ojú Àdùnbárìn náà máa wá kà nígbà náà á tó o dé ara ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn inú, níbi tí àwọn bátìrì gbígbóná to sí bí ẹyin nínú ìtẹ́. Oníbodè fúnra rẹ̀ kò lè lọ mú un níbẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn inú kì í ṣí fún un kí agogo tó lù.

Bí kò bá sì bọ́ sí i ńkọ́? Ó wo apá irin tó ká sí igun yàrá. Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá dijú nínú yàrá bodè, oníbodè ni o, ará ìlú ni o, apá náà máa gbá a síta bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá pàǹtí. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Kì í kánjú, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

"Ìka yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ lè fi í sí i?"

"Ìka mẹ́ta yìí ni mo fi ń se ẹbẹ fún ọ. Àmọ̀kẹ́, ó ń rẹ̀ mí."

Oyèbísí nu ojú rẹ̀. Ó sún mọ́ ihò, ó sì fa bátìrì yọ.

Ojú-àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti olùkọ́ ọmọdé.

"Ení."

Ó ṣí ihò ife, ó na bátìrì síta. Òtútù bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ.

"Èjì."

Àdùnbárìn gbà á. Ó já òkú bátìrì kúrò lábíyá ara rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

"Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Ìka mẹ́ta náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lẹ́nu ihò kámẹ́rà. Bátìrì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a mọ́ ikùn, ó tún mú un. "Ẹ yí i padà!" ni Oyèbísí ń pariwo. "Orí rẹ̀ lẹ fi sísàlẹ̀, ẹ yí i padà!"

"Àrún. Ẹ̀fà."

Bátìrì wọlé. Iná ewé tàn láyà Àdùnbárìn bí ọjọ́ ṣe ń mọ́. Oyèbísí tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn ìta rí iná náà, ó ṣí.

"Èje."

Àdùnbárìn wọlé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti yìnyín lára. Ooru pàdé rẹ̀ lójú. Ó mí kanlẹ̀, ó pa ojú dé, ó tún là á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi! Ẹ yára!"

"Ẹ̀jọ."

Àdùnbárìn gbé ọwọ́ lé àyà. Ìka rẹ̀ wà lórí bátìrì náà gan-an. Oyèbísí rí i. Ìka náà kò gbọ̀n mọ́.

"Ẹ̀sán."

Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

"Ìka yín ló dì ni?" ni Oyèbísí béèrè, ó ti ń wá àwáwí bá a.

"Ẹ̀wá."

Apá irin na ara rẹ̀. Ó gbá Oyèbísí nídìí, kò le, kò sì rọ̀, ó ń tì í lọ lórí ilẹ̀ dídán náà tòun ti bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń jókòó síbi iṣẹ́. Oyèbísí di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ mú. Àdùnbárìn tú ọwọ́ náà kúrò, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí Oyèbísí wà lọ́mọdé tí kì í fẹ́ kó lọ sọ́jà. Ilẹ̀kùn ìta sì tì.

Òtútù náà kò dà bí ohun tó máa ń wò láti inú gíláàsì. Ó wọ imú rẹ̀, ó dì níbẹ̀. Oyèbísí lu gíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Lẹ́yìn ilẹ̀kùn inú! Ẹ mú ọ̀kan lára ògiri, ẹ nà án sí mi! Ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà!"

Àdùnbárìn wo ilẹ̀kùn inú. Ó tilẹ̀ ṣísẹ̀ kan. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ bodè sọ̀rọ̀, Oyèbísí sì gbọ́ ọ láti ìta.

"Oníbodè kò sí nípò. Ojú tó ṣí nínú yàrá: Àdùnbárìn. Àdùnbárìn, ìwọ ni oníbodè."

Àdùnbárìn dúró. Ó wo àga náà, àga tó ní tìmùtìmù, tí ooru ń ti abẹ́ rẹ̀ wá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ku ìka mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá. Ó wo Oyèbísí, ètè rẹ̀ sì mì, ṣùgbọ́n kò tẹ ẹ̀rọ ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó sọ. Ó jókòó.

Oyèbísí kò lu gíláàsì mọ́. Ó bojú wolẹ̀, ó sì rí i lórí ìlà pupa: bátìrì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù sílẹ̀, yìnyín ti ń bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó já bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ó há a mọ́ abíyá. Ó kígbe, nítorí ṣe ló dà bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi há a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ṣì gbóná. Inú ooru ló ti jókòó láti àárọ̀. Ó lóṣòó lẹ́bàá ògiri, ó di apá mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò tí ẹyin fi ń jiná.

Nígbà tó yọ ọ́, bátìrì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi í sí àyà, ó tẹ̀ ẹ́.

Iná ewé tàn. Ọgọ́ta.

Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún! Ó fò dìde, ó sá lọ sórí ìlà pupa, ó ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu. Ìṣẹ́jú kan ṣì kù lára aago bodè. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Ojú rẹ̀ ṣí, ilẹ̀kùn ti rí i, ó ku kí oníbodè tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ti là! Ẹ wò ó!"

Àdùnbárìn rí i. Ojú wọn pàdé. Bí Oyèbísí bá wọlé, wọ́n máa béèrè bí oníbodè ṣe dé ìta, wọ́n á sì gba àga náà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú-àyà Àdùnbárìn ń tan iná, ó ń wo iwájú gan-an, ó sì kù díẹ̀ kó rí ẹni tó dúró lórí ìlà.

Àdùnbárìn yí àga náà padà. Ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi kọ sí ògiri, níbi tí kò sí ohunkóhun láti rí, tó wá ku ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan fún Oyèbísí láti máa wò. Oyèbísí mọ ẹ̀yìn náà dáadáa. Orí ẹ̀yìn yẹn ló sùn sí nígbà tí omi ń kún.

Agogo lù.

Oyèbísí dúró títí ìró agogo náà fi tán. Lẹ́yìn náà, ó tú ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń kú, ọrùn rẹ̀ ti ń le, ṣùgbọ́n kò fi ìborùn náà bo ìkankan nínú wọn. Ojú-àyà ló fi wé, ó wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fi ẹnu gíláàsì rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ki wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà náà níbi tí bátìrì wà. Ọgọ́ta. Bó bá móoru, á tó o di àárọ̀, títí àwọn tó ń gbé ṣọ́bìrì á fi dé, tí wọ́n á wá wo ohun tí ojú náà rí.

Ó jókòó sórí ìlà pupa, ó fi apá méjèèjì gbá ojú-àyà náà mọ́ra, ó sì kọ ọ́ sí gíláàsì, kí ojú náà lè máa rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa.